Ewé Oríta Àràbà

Ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àpótí, kó jókòó sórí ẹní. Ẹni tó ń kánjú lọ sóko, kó máa lọ, n kò ní bínú. Ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń jẹ iṣu sísun. Ẹ gbọ́ ọ níhìn-ín, kí ẹ sì gbé e délé.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ìbéèrè kan. Ta ló gbá àgbàlá yìí láàárọ̀? Ẹ wo ilẹ̀. Ó mọ́ láti ojú ọ̀nà oko títí dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn mi. Kò sí ewé kan nílẹ̀, kò sí ipa ẹsẹ̀ adìẹ. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ní òun kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Àwọn ará ilé kejì ní àwọn kọ́. Ó dáa. A óò padà síbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Ọdẹ́síndé. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó lé àwọn obìnrin kúrò lódò. Ẹfọ̀n sáré sí mi, mo dúró. Ó ṣubú, n kò ṣubú. Gbogbo ìtàn náà nìyẹn. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ gùn. Mo ti sùn nínú igbó tí ẹyẹ kì í ké. Mo ti bá iwin kan jà, mo gba fìlà rẹ̀. Àwẹ̀ró fi sọ ìkòkò kalẹ̀ títí fìlà náà fi gbó. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kì í ṣe ojo.

Mo ń kú.

Tìámíyù, gbé ojú sókè. Ìwọ alágbẹ̀dẹ tí ò ń tún ìbọn mi ṣe láti ìgbà tí a ti jọ wà lápọ́n, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí o máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú nìyí. O ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń wo àìsàn náà ti wò ó tì. Oníṣègùn wa fi ọwọ́ kan ikùn tó wú yìí, ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó ní òun gbàgbé ewé kan sílé. Kò padà wá. Nọ́ọ̀sì ọsibítù ní kí n máa lọ sílé, kí n máa jẹ ohunkóhun tó bá wù mí. Àgbò tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ní ohun tó wù ú, ó yẹ kó béèrè ọdún tó ń bọ̀ lọ́nà.

O rẹ́rìn-ín, Tìámíyù. Ó dáa. O ti so àgbò Iléyá púpọ̀ mọ́lẹ̀. O mọ ojú wọn.

N kò fẹ́ kí ikú bá mi lórí ẹní. Mo gbé ìbọn, mo gbé apó mi kọ́ èjìká, mo di iṣu sísun sínú rẹ̀. Mo sọ fún Àwẹ̀ró pé mo ń lọ wo tàkúté. Ó wo ikùn mi, ó ní, “Aboyún wo ló ń dẹ̀gbẹ́?” Mo lọ.

Mo rìn kọjá ibi tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ yìí ń dé. Mo rìn kọjá ibi tí àwọn tó ń purọ́ nínú wọn ní àwọn dé. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ìgbálẹ̀. Igbó kìjikìji ni. Ta ní ń gbálẹ̀ níbẹ̀? Mo yọjú láti ẹ̀yìn igi. Iwin ni. Ó ga bí ọ̀pẹ, ó tẹ̀ bí ọrun, irun orí rẹ̀ wọ́ nílẹ̀, irun náà ló sì fi ń gbálẹ̀. Ó lọ́ra. Ó ń ṣa òkúta níkọ̀ọ̀kan, ó ń fẹ́ eruku sí ẹ̀gbẹ́. Ojú ọ̀nà tó ti gbá mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun, ó sì nà lọ sẹ́yìn títí ojú mi kò fi tó o mọ́.

Mo kí i kú iṣẹ́. Ó dáhùn, kò gbé orí sókè. Mo bi í pé ọ̀nà ta ló ń gbá. Ó ní ọ̀nà àlejò ni, pé òun ni wọ́n máa ń rán ṣáájú kí ẹ̀gún má baà gún àlejò náà lẹ́sẹ̀. Mo ní àlejò wo.

“Ikú.”

Mo ní ilé ta ló ń lọ.

“Ilé ọdẹ kan. Ọdẹ́rìnlọ ni wọ́n ń pè é. O mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀.”

“Irú ènìyàn wo ni?”

“Ènìyàn lásán ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fẹ́ràn ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Mo jókòó tì í, mo fún un ní iṣu díẹ̀. Mo bi í bóyá ohun kan wà tó lè dá àlejò náà padà. Ó ní kò sí. Àlejò yìí kì í padà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó lè mú un dúró síta. Ó ní nígbà tí ènìyàn bá wà lọ́mọdé, ó máa ń ní ohun kan tó ń lá àlá rẹ̀, tó máa ń sọ pé òun ó ṣe bí òun bá dàgbà. Ọjọ́ tó bá sọ àlá náà nù, àlá náà kì í kú. Yóò di ọmọ, yóò wá ìlú kan lọ, yóò jókòó síbẹ̀ máa retí ẹni tó ni ín. Kì í dàgbà. Bí ẹni náà bá lè lọ mú un, tí ọmọ náà sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé, Ikú gbọ́dọ̀ jókòó síta títí ọmọ náà yóò fi dàgbà, tí yóò sì ṣe ohun tó ní òun ó ṣe.

Mo ní ènìyàn mélòó ló ti ṣe é.

“Láti ìwáṣẹ̀ ni mo ti ń gbálẹ̀,” ni iwin náà wí. “N kò tíì rí ẹnìkan.”

Mo bi í lọ́nà ìlú náà. Ó fi irun rẹ̀ júwe rẹ̀ fún mi, ó sì ń gbálẹ̀ lọ. Mo rí i pé ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kì í sinmi. Báyìí ni mo ṣe mọ iye ọjọ́ tó kù fún mi. Kò ju ibi tí irun rẹ̀ wà sí ibi tí ilẹ̀kùn mi wà.

Ẹ ó bi mí pé kí ni mo ń lá àlá rẹ̀ lọ́mọdé. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó dúró kí n sọ ọ́ tán.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lékeléke a máa wá sí ilẹ̀ wa. Àwa ọmọdé a na ìka sí wọn, a ní kí wọ́n fún wa ní èékánná funfun. Bí òjò bá ti ń le, wọn a lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi a gbàgbé wọn. Èmi kì í gbàgbé. Mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ní bí mo bá dàgbà, n ó tẹ̀lé wọn dé ìlú wọn, n ó padà wá sọ bí ibẹ̀ ti rí. N kò fẹ́ ohun mìíràn láyé. Mo sọ fún bàbá mi. Ó ń nu ìbọn rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹyẹ tí a kì í jẹ, kí lo ń wá lọ sílé rẹ̀?” Kò nà mí. Ìbá sàn kó nà mí.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ìbọn lé mi léjìká, ó mú mi wọ igbó. Ọjọ́ yẹn ló kọ́ mi ní àrokò ewé tí gbogbo ọdẹ mọ̀. Bí ọ̀nà bá pín sí méjì, ẹni tó ṣáájú a já ewé tútù, a fi lé ojú ọ̀nà tí òun kò gbà. Ewé ti dí ọ̀nà náà nìyẹn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gba èkejì. Láti ọjọ́ yẹn n kò gbé ojú sókè wo ẹyẹ mọ́. Ilẹ̀ ni ipa ẹran wà. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ó dáa. Mo gba ọ̀nà tí iwin fi hàn mí.

Igbó tí mo kọ́kọ́ bọ́ sí ni igbó àwọn ẹran tí mo pa. Wọ́n dúró lọ́tùn-ún, wọ́n dúró lósì, gbogbo ohun tí ìbọn mi ti mú balẹ̀. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Ìgalà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò tí mo dá sí wọn lọ́rùn. Òkété pọ̀ bí iyanrìn; ìyẹn tì mí lójú díẹ̀, a kì í fi òkété yangàn. Kò sí èyí tó bínú. Wọ́n kàn ń wò mí. Ìgalà àgbà kan bọ́ síwájú, ó ní kí ni mo fi wọ́n ṣe. N kò purọ́. Mo ní a jẹ wọ́n. Ó ní ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wo ara wọn. Ìgalà náà wá ní:

“Kí ni ọdẹ ń gbé wọ igbó tí kì í gbé bọ̀ wálé, ìbáà pa ẹran, ìbáà má pa?”

Ẹ̀yin náà, ẹ wá a. Tìámíyù ní ọta ìbọn ni. Ọta a máa bá ẹran wálé. Mo ti fi eyín fọ́ ọ rí nínú ọbẹ̀. Ta ló ní iṣu? Iṣu ń bọ̀ wálé nínú ikùn. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Ikùn ń dùn mí, òógùn ń bọ́ sí mi lójú. Lẹ́yìn náà mo ní:

“Ọjọ́ tó fi lọ ni.”

Ìgalà yà kúrò lọ́nà. Bí mo ti ń kọjá lára ẹfọ̀n, ó ní, “O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn sọ ọ́ ni.

Lẹ́yìn igbó náà ni ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ó-Di-Ọ̀la. Olúkúlùkù ará ibẹ̀ ti di ẹrù rẹ̀, ó sì fi ṣe àga. Koríko ti hù lára ẹrù àwọn ẹlòmíràn. Mo bi ọkùnrin kan pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun fẹ́ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n òun, nítorí ìjà kan wà láàárín àwọn. Mo ní nígbà wo. Ó ní ọ̀la. Mo ní ẹ̀gbọ́n náà ńkọ́. Ó nawọ́ sí ọkùnrin tó jókòó sí òdìkejì ọ̀nà. Òun náà jókòó lórí ẹrù. Òun náà ń lọ bẹ àbúrò rẹ̀ lọ́la.

Ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ibodè tí wọ́n ń gbà jáde. Ó pè mí lórúkọ. Ó ní mo pẹ́. Ó ní wọ́n ti kọ́ ilé mi síbẹ̀ láti ìgbà èwe mi, èmi nìkan ni onílé tí kò tíì wá sùn sínú ilé rẹ̀. Ó gbé àga kan kalẹ̀ fún mi. Àga náà rọ̀. Ẹ wò ó, mo ti rí ẹkùn lójúkojú, n kò yẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́nà yẹn, àga yẹn ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹsẹ̀ ń ro mí.

“Jókòó díẹ̀,” ni ìyá náà wí. “Bó bá di ọ̀la, o lè máa lọ.”

“Ìyá, n kò ní ọ̀la mọ́.”

Ó ṣí ibodè. Ó ní kò wọ́pọ̀ kí òun gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé ìlú àwọn ọmọ náà. Kò sí àgbà kan níbẹ̀. Ilé kéékèèké, ọmọ kan níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn kọjú sí ọ̀nà. Bí wọ́n ti rí mi, gbogbo wọn dìde. Nígbà tí mo bá kọjá níwájú ọ̀kan tí n kò dúró, ọmọ náà a tún jókòó. N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé títí oòrùn fi wọ̀, ó ti rí i.

Mo rí ara mi lọ́mọdé. Mo jókòó sẹ́bàá ògiri, mo gbé ojú sókè. Àpá tó wà lórúnkún mi yìí ṣì jẹ́ egbò lórúnkún rẹ̀. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Bàbá, ẹ kú àbọ̀. N kò wo ẹyẹ mọ́.”

Ó rò pé bàbá wa ni mí. Ojú bàbá mi ni mo gbé rìn láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì mọ̀. Mo ní èmi kì í ṣe bàbá rẹ̀. Mo ní èmi ni òun náà, pé òun ló dàgbà tó di èmi. Ó wo irùngbọ̀n mi. Ó wo ìbọn. Ó wo ikùn mi.

“Irọ́ ni, bàbá. Èmi kò ní dà báyìí.”

Ẹfọ̀n kò rí mi gún. Ọmọ yìí gún mi.

Mo ní kó dìde, a ń lọ wo ilé lékeléke. Ó ti dìde kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ó ku ohun kan níbẹ̀. Níwájú ilé tó tẹ̀lé tirẹ̀, ọmọbìnrin kan jókòó, ó gbé àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ lé itan. Ó bi mí bóyá mo mọ Àwẹ̀ró, ọmọ àwọn apẹja. Ó ní òun ń retí rẹ̀, pé àwọn méjèèjì fẹ́ wa ọkọ̀ dé ibi tí odò ti wọ òkun. Àwẹ̀ró, fi ẹ̀gúsí yẹn sílẹ̀, kí o wò mí. Mo mọ iye iyọ̀ tí o ń fi sí ọbẹ̀. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ tí o fi ń sùn. N kò mọ̀ pé o fẹ́ rí òkun. N kò bi ọ́ rí. Mo wò ó bóyá ẹ̀yìn mi lè gbé ọmọ méjì. Kò lè gbé ọ̀kan. Mo sọ fún ọmọ náà pé mo mọ̀ ọ́, pé o wà. Ó ní kí n kí ọ.

Máa sunkún bí o bá fẹ́. A kì í sunkún ká má ríran.

A mú ọ̀nà ilé pọ̀n. N kò lè pọ̀n ọ́n, nítorí ikùn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń rìn. Àwọn ẹran yà fún un. Ìgalà fẹnu kàn án lórí. Ó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọmọdé ti ń béèrè. Ó ní kí ni mo ń ṣe láti ìgbà tí òun ti ń retí. Mo ní mo pa ẹran. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́. Mo ní mo fẹ́ ìyàwó, mo bímọ, mo sin ọmọ. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́. Mo ní mo pa ẹran. Ó ní, “Ọjọ́ yín gùn, bàbá.” Mo ní kò gùn.

Mo sọ fún un bí iwin ti ń gbálẹ̀, mo sọ ìdí tí a fi ń yára. Ó yára. Kò ráhùn. N kò mọ̀ pé mo jẹ́ ọmọ dáadáa bẹ́ẹ̀ rí.

A dé Oríta Àràbà lọ́sàn-án. Gbogbo yín ni ẹ mọ ibẹ̀. Igi àràbà ńlá náà wà láàárín. Ọ̀nà ọ̀tún bọ̀ wá síhìn-ín, ọ̀nà òsì lọ sódò. Orí òkè ni. Láti ibẹ̀ mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nísàlẹ̀. Ikú kì í gba ọ̀nà ọdẹ, ọ̀nà oko ló ń gbà, iwin náà sì ti gbálẹ̀ dé ẹ̀yìn oko yín. Kò jìnnà sí ilé yìí mọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú. Kò lè sáré.

Mo ronú bí ọdẹ. Mo ní n ó ṣáájú, n ó lọ fi ọ̀rọ̀ dá iwin dúró. Mo fún ọmọ náà ní iṣu tó kù. Mo ní, “Sinmi níhìn-ín. Bí o bá jẹun tán, tẹ̀lé mi. Ilé kò jìn mọ́.”

“Ó dáa, bàbá.”

Mo já ewé tútù, mo fi lé ọ̀nà òsì. N kò ronú sí i. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Kò sí ọdẹ kan láàárín yín tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣe é.

Mo bá iwin náà lẹ́bàá igi ọsàn yẹn, ní etí àgbàlá. Àná ni. Ẹ̀yin rí mi. Ẹ ní mò ń dá sọ̀rọ̀, ẹ ní ibà ni. Kì í ṣe ibà. Mò ń bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo sọ ìtàn fìlà iwin fún un. Ó ní òun mọ ẹni tó ni fìlà. Mo sọ ti ẹkùn. Mo sọ àwọn tí n kò ṣe rí. Ó fi ara ti igi, ó ń gbọ́. Ó ní kí n sọ ti ẹfọ̀n. Mo sọ ti ẹfọ̀n gùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo sọ ọ́ gùn. Mo fi ìwo lé e, mo fi ẹ̀jẹ̀ sí i, mo ní ọjọ́ ṣú nígbà tó ṣubú. Ojú mi wà lójú ọ̀nà ọdẹ ní gbogbo ìgbà náà. Oòrùn kúrò lórí òrùlé. Oòrùn bọ́ sẹ́yìn igi. Ọmọ kò dé.

“Ta lò ń retí?” ni iwin wí.

“Ọmọ kan.”

Ó sorí kọ́. Ó dìde, ó tẹ irun rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Mo padà sí oríta bí ara mi ti lè gbé mi. Èèpo iṣu wà lábẹ́ àràbà. Ó ti jẹun tán, ó ti dìde, ó ti ṣe bí mo ti wí. Mo wo ọ̀nà ọ̀tún. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo wo ọ̀nà òsì. Ewé mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ kékeré gba ibẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin ọdẹ, nítorí ibí ni ìtàn náà wà. Ọmọ yẹn dúró lójú ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ṣófo. Ọwọ́ mi ti fi ewé tútù sí èkejì. Ó ní bàbá fi èyí sílẹ̀ fún òun, kí òun má baà ṣìnà. Ó mú ewé náà lọ́wọ́, ó tẹ̀lé e. Ta ni yóò sọ fún un pé ewé ń dí ọ̀nà? Ọjọ́ tí mo kọ́ ìyẹn gan-an ni mo fi í sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́ ọ. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àgbà mọ oògùn, ó ti gbàgbé pé òun náà pè é lẹ́fọ̀ọ́ rí.

Mo tẹ̀lé ẹsẹ̀ náà dé etí odò. Ó wọ omi, kò jáde. N kò rí ẹ̀jẹ̀, n kò rí aṣọ. Mo pè é. Orúkọ mi ni mò ń pè, odò sì ń dá a padà fún mi. Mo wọ omi náà. Ó mù mí dé ikùn, ó gbé mi sọ sí etí bèbè bí ẹni da ìdọ̀tí nù. Mo tún wọ̀ ọ́. Ó tún gbé mi jáde. Ẹni tí wọ́n ti gbá ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ kì í gba ọ̀nà ẹlòmíràn. Ní òdìkejì odò, ohun funfun kan fò lọ láàárín igi. N kò mọ̀ bóyá ẹyẹ ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Lékeléke ti lọ. N kò fẹ́ sọ ohun tí n kò rí.

Mo padà wálé. Mo sùn. Láàárọ̀ yìí, àgbàlá ti mọ́.

Ẹ má wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ kò ní rí àlejò náà. Àwẹ̀ró, fún Tìámíyù lómi.

N kò ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ láti fi sílẹ̀. Ìbọn mi ni ẹ mọ̀ mí mọ́, ìbọn kò sì kọ́ mi ju bí a ti ń dúró lọ. Bí ọmọ bá fi ẹyẹ hàn yín, ẹ gbé ojú sókè, ìbáà jẹ́ ẹyẹ tí a kì í jẹ. Ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń sùn léèrè ohun tó fẹ́ rí kó tó kú. Ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ ó bá a níwájú ilé tí kì í ṣe tiyín. Èyí tó kù, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ kàn kì í ṣe é ni. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà.

Ẹ̀yin ọdẹ, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín, mo sì fẹ́ kí ẹ dì í mú. Nígbà tí ẹ bá ń gbé ẹrù ìsípà mi lọ sínú igbó, fìlà mi, apó mi àti ẹ̀wù ọdẹ mi, kí ẹ̀mí mi lè kúrò láàárín yín bí àṣà, Oríta Àràbà ni ẹ ó gbà. Ẹni tó bá ṣáájú, ọwọ́ rẹ̀ yóò fẹ́ já ewé. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ má fi ewé lé ọ̀nà kankan.

Tìámíyù ní báwo ni àwọn tó bá gbẹ́yìn yóò ṣe mọ ọ̀nà. Ẹ dúró dè wọ́n. Bó bá pẹ́, kó pẹ́. Èmi náà ìbá dúró.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀. Bí ọmọ kan bá jáde láti ọ̀nà òsì, tí orúnkún rẹ̀ ní egbò, tó di ewé gbígbẹ lọ́wọ́, tó sì bi yín pé níbo ni bàbá òun wà, ẹ má sọ fún un pé mo ti kú. Ẹ sọ pé mo ṣáájú.

Ó tán. Oòrùn ṣì wà, ẹ máa lọ sóko. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ti gbá àárín rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n gbá a dè.